"Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́" kì í ṣe ìwé o!

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Bí ìjà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Agbaṣẹ́ṣe á ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ti parí." Onílé á dúró lẹ́nu géètì, á wo ọ̀dà ara ògiri, á ní, "Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́." Kò sẹ́ni tó ṣí omi, kò sẹ́ni tó tan iná. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òrùlé ń jò. Onílé ní òun ò san owó tó kù mọ́. Agbaṣẹ́ṣe ní, "Ṣebí ẹ ní ó dáa?" Ta ló jàre? Ẹ̀rí dà?

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jọ rìn láti yàrá dé yàrá, kí ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí omi, ẹ ti ilẹ̀kùn wò. Àléébù tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe. Tó bá ti pé, kí onílé kọ ọ́ pé òun gba iṣẹ́, kó kọ déètì, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Mósè gan-an, nínú Ẹ́kísódù 39, yẹ iṣẹ́ wò kó tó súre fún àwọn oníṣẹ́.

Déètì yẹn ṣe pàtàkì. Níbi iṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe, ó sábà máa ń jẹ́ 5 nínú 100. Wọ́n á san ìdajì rẹ̀ tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́. Ìyókù di lẹ́yìn oṣù 6 tàbí 12, tí wọ́n bá ti tún àléébù tó yọjú ṣe. Tí kò bá sí déètì, ìgbà wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ tiyín náà. Iṣẹ́ pé, ẹ ti kó wọlé, ẹ ń sùn níbẹ̀, ẹ ní ẹ ò tíì gbà á torí kí ẹ má baà sanwó? Ìrẹ́jẹ nìyẹn! Owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì lẹ dì mú. Tẹ́ ẹ bá sì ní, "Bá mi fi fẹ́ǹsì díẹ̀ sí i," àdéhùn tuntun nìyẹn, owó tuntun sì ni.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ọmọ ìjọ wa ni, mo fọkàn tán an." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ìfọkàntán yẹn má baà bàjẹ́ lẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí onílé kan àti agbaṣẹ́ṣe kan.