VVS Kọ́ Ló Ń Mú Dáyámọ́ńdì Tàn

Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní London fẹ́ ra òrùka tó máa fi bi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé ṣé yóò fẹ́ òun. Ó lọ sí Hatton Garden, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò dáyámọ́ńdì pọ̀ sí níbẹ̀, ó sì fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí òkúta méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Olóbìrípo ni méjèèjì, carat kan kan sì ni wọ́n wọ̀n. Àkọ́kọ́: àwọ̀ E, mímọ́ VVS1, gígé "Good". Ìkejì: àwọ̀ G, mímọ́ VS2, gígé "Excellent". Àkọ́kọ́ ló wọ́n jù, owó ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó o. Ó ní òun á yá èyí tó kù. Kí ló dé? "VVS ni jàre! Ṣé o kì í gbọ́ ọ nínú orin ni?"

Mo ń gbọ́ ọ. Gbogbo wa la ń gbọ́ ọ. Látọ̀dọ̀ àwọn olórin hip-hop Amẹ́ríkà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin tiwa, lẹ́tà mẹ́ta yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ mìíràn fún dáyámọ́ńdì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀rí yẹn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ dín ìnáwó kù. Gígé ló yẹ kí owó bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìmọ́lẹ̀, torí òun gan-an lẹ ń rà. Bí ẹ bá ki ṣíbí bọ inú ife omi, á dà bíi pé ó ti tẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀, kì í ṣe ṣíbí, nítorí ìrìn ìmọ́lẹ̀ máa ń falẹ̀ nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Nínú dáyámọ́ńdì, ó tún wá falẹ̀ gan-an: eré tó ń sá nínú afẹ́fẹ́, ẹ pín in sí 2.42, ohun tó kù nìyẹn. Ti gíláàsì lásán ò ju nǹkan bí 1.5 lọ.

Ohun tí èyí fà ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti wọ inú dáyámọ́ńdì kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Bó bá kọlu ògiri òkúta náà láti inú, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ọ́ ṣánṣán, kó má yà ju nǹkan bíi dìgírì 24 lọ, kó tó lè kọjá. Bó bá yà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló máa ta padà sínú bíi pé dígí ló pàdé. Ẹni tó bá mọ dáyámọ́ńdì gé máa ń lo òfin yìí bí ẹni ń dẹ pàkúté. Ìmọ́lẹ̀ á gba òkè wọlé, á kọlu ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀, á ta lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á tún ta padà gba òkè jáde wá bá ojú yín. Bó ṣe ń jáde ló ń pín sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè.

Bí wọ́n bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ á jò dànù. Bó bá jìn jù, á jò gba ẹ̀gbẹ́ kejì, àárín òkúta á wá ṣókùnkùn. Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé tó ń gé dáyámọ́ńdì ní Antwerp, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé láti 1919: ó ní kí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ dà ní dìgírì 40.75, kí tòkè dà ní 34.5. Wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ ọ̀nà tó là náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Nǹkan bí ọmọ 20 ọdún ni nígbà yẹn. (Èmi ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ ìwádìí tèmi ò sì tíì parí. Ẹ jẹ́ ká gba ibòmíì lọ.)

Kí wá ló ń mú kí ẹnikẹ́ni gé e láìdáa? Ìwọ̀n ni. Carat kì í ṣe fífẹ̀, ìwọ̀n ni: carat kan jẹ́ gíráàmù 0.2. Ẹni tó ń gé e mọ̀ pé gbogbo ohun tóun bá gé kúrò, owó ló lọ yẹn, nítorí náà ó lè fi ikùn sílẹ̀ fún òkúta náà nísàlẹ̀ kó lè pé carat kan. Olóbìrípo carat kan tí wọ́n gé dáadáa máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6.5. Oníkùn kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ òrùka ni ẹ ti sanwó fún ibi tó kù.

Ó wá ku VVS tí à ń pariwo. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ni àwọn ará GIA fi máa ń wo inú òkúta kí wọ́n tó fún un ní máàkì mímọ́. Ní VVS, àbàwọ́n rẹ̀ kéré débi pé ó ṣòro fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti rí i pẹ̀lú awò náà. Ní VS2, á rí i pẹ̀lú awò, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ojú lásán ò lè rí nǹkan kan. Ta ló ń gbé awò lọ síbi ìnáwó? Mi ò ní ká ra èyíkéyìí o. Bí àbàwọ́n bá dúdú tó sì wà láàárín gbùngbùn, tàbí tó jẹ́ sísán tó dé etí òkúta, ẹ sá fún un. Bákan náà, òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn ò ní ibi tó máa fi àbàwọ́n pamọ́ sí, torí ojú rẹ̀ fẹ̀ kalẹ̀ bíi fèrèsé. Níbẹ̀, ẹ lè fi owó kún ti mímọ́.

Àwa onísáyẹ́ǹsì tilẹ̀ fẹ́ràn àbàwọ́n yìí. Ní 2014, Graham Pearson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nínú dáyámọ́ńdì pátákó kan láti Juína ní Brazil, aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè wu oníṣòwò kankan. Èérún ringwoodite ló wà nínú rẹ̀, ohun kan tó ń wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, omi sì wà nínú èérún náà. Bó bá jẹ́ pé òkúta yẹn mọ́ gaara ni, a ò bá má rí nǹkan kan kọ́ lára rẹ̀.

Ti àwọ̀ ò le. Láti D títí dé Z ni, D ni kò ní àwọ̀ rárá. Náítírójìn tó bá gba ipò kábọ́ọ̀nù níbì kan níbì kan ló sábà máa ń mú kó pọ́n bíi yẹ́lò. Láti rí ìyàtọ̀ E sí G, ńṣe ni wọ́n máa ń dojú òkúta dé sórí ohun funfun, kí wọ́n sì gbé òmíràn tí wọ́n mọ lẹ́tà rẹ̀ tì í. Lórí ìka, tó ń tàn yanranyanran, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá sì jẹ́ góòlù pupa ni òrùka, kódà I tàbí J lè lọ, torí góòlù fúnra rẹ̀ á bò ó.

Èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí ńkọ́? Kábọ́ọ̀nù kan náà ni, òfin ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo gígé.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi padà lọ, kí wọ́n gbé òkúta méjèèjì kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí dáyámọ́ńdì tí kì í dán lábẹ́ àwọn iná kéékèèké yẹn. Kó gbé wọn dé ẹ̀bá fèrèsé, kó fi ọwọ́ ṣíji bò wọ́n díẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní, "Èwo ni VVS níbẹ̀?" Ó ní, "Tọwọ́ ọ̀tún ni. Ṣé o ò rí bó ṣe ń tàn ni?" Oníṣòwò náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. VS2 ni tọwọ́ ọ̀tún.