Ilé Páálí Tí Iná Ń Tàn Nínú Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Yẹ Àwọn Ọmọ Ìgbómìnà

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà wí. Òwe yìí bá ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ iná mọ̀nàmọ́ná wí gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé girama ni ó lè ka òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1827 láìṣe àṣìṣe kan: pé bí agbára tí ń ti iná bá ṣe pọ̀ tó ni iná tí ń ṣàn nínú wáyà yóò ṣe pọ̀ tó, bí ìdènà ọ̀nà rẹ̀ kò bá yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ kan náà ní bátìrì kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà kan, kí ẹ ní kí ó tan iná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa wo ọwọ́ ara wọn. Ìmọ̀ ti dé orí, kò dé ọwọ́. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì dàgbà tán, òun náà ni yóò kọ́ ilé tirẹ̀, òun ni yóò so ẹ̀rọ ńlá mọ́ wáyà tí kò lè gbé e, tí yóò sì máa béèrè pé kí ni ó fà á tí ilé fi jó.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí kò tóbi, kò sì gba owó púpọ̀. Kí gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìpele JSS ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀ra àti ní gbogbo ìlú Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ ilé kékeré kan, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa wáyà sí i, kí iná sì tàn nínú rẹ̀, kí olùkọ́ tó kọ ìlànà kankan sí ojú pátákó. Ọwọ́ ni kí ó ṣáájú, kí ìwé tẹ̀ lé e.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀? Páálí bàtà tàbí páálí bisikíìtì ni ara ilé. A ó gé ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i, a ó sì pín in sí yàrá mẹ́ta: pálọ̀, yàrá ìbùsùn àti ilé ìdáná. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 1.5, ni a ó tò kí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì, kí wọ́n lè di volt 3. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí ó bá volt 3 mu ni a ó fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Pẹlẹbẹ agolo mílíìkì tí olùkọ́ ti gé, tí ó sì ti tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, ni yóò ṣe súìṣì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní rọ́bà lára, irú èyí tí a lè yọ nínú rédíò tí ó ti bàjẹ́, ni a ó fà láti orí bátìrì dé súìṣì, láti súìṣì dé gílóòbù, kí ó sì padà sí ìdí bátìrì.

Kí ó padà: ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ náà wà. Iná mọ̀nàmọ́ná kò dà bí omi tí a dà sílẹ̀ tí yóò ṣàn lọ láìbọ̀. Ó níláti lọ, ó sì níláti bọ̀; bí ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ bá já níbì kan, àlọ kò sí mọ́. Ìwé lè sọ èyí fún ọmọ ní ìgbà ogún kí ó má wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gílóòbù rẹ̀ kọ̀ láti tàn, tí ó tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi rí ibi tí ó ti já, tí ó so ó, tí iná sì tàn lójú rẹ̀, kò tún ní í gbàgbé títí ayé.

Ìgbà tí ó bá kan yàrá kejì ni ọgbọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ so gílóòbù méjì mọ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú òwú kan. Iná méjèèjì yóò tàn, ṣùgbọ́n yóò máa ṣe bàìbàì, nítorí pé volt 3 ni wọ́n jọ pín, volt 1.5 péré ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sì tú ọ̀kan, èkejì kú. Ta ni ó fẹ́ gbé ilé tí ó jẹ́ pé bí a bá pa iná yàrá, iná ilé ìdáná yóò bá a kú? Nígbà náà ni olùkọ́ yóò ní kí wọ́n fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni Yorùbá wí. Bí ọ̀kan bá dí, ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì yóò ṣì dé ọjà. Lójú ẹsẹ̀ ni gílóòbù méjèèjì yóò mọ́lẹ̀ kedere, tí a sì lè pa ọ̀kan láìpa èkejì. Báyìí ni a ṣe fa wáyà ilé tí gbogbo wa ń gbé.

Ọmọ náà yóò tún rí ohun kan: bí gílóòbù bá ti ń pọ̀ sí i ni bátìrì ń tètè kú. Ìdí ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a là ní iye iná tí ó ń gbà, orísun kan ṣoṣo ni yóò sì pèsè gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti yé e ìdí tí owó iná fi ń ga ní ilé tí ohun èlò pọ̀ sí, àti ìdí tí wáyà kan ṣoṣo tí a so fìríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbomi mọ́ fi ń gbóná.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ yóò fa fọ́nrán irin kan yọ nínú kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, yóò fi í sí ojú ọ̀nà iná ilé náà lórí àwo tánganran. Yóò wá jẹ́ kí wáyà méjì tí rọ́bà wọn ti bó kan ara wọn kí iná tó dé gílóòbù. Fọ́nrán irin náà yóò pọ́n, yóò sì já, gbogbo ilé yóò ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n bátìrì àti wáyà yóò bọ́ nínú ewu. Iṣẹ́ fíúsì nìyẹn. Fíúsì tí ó jó kì í ṣe ọ̀tá onílé. Ẹ̀ṣọ́ tí ó kú kí ilé má baà jó ni. Síbẹ̀, bí fíúsì bá jó nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà bàbà nínípọn ni àwọn ènìyàn fi ń dí ojú rẹ̀ kí iná lè tètè dé. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ lọ, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún iná ọmọ ọ̀rara. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí fọ́nrán irin náà ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fi wáyà dí i.”

A gbọ́dọ̀ pa ààlà níhìn-ín. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan ni a gbọ́dọ̀ lò. Iná tí ó ń wá láti orí òpó ojú títì jẹ́ nǹkan bíi volt 230, ó ju ìlọ́po 70 ti bátìrì méjì lọ, ó sì ń pa ènìyàn. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fi wáyà ilé páálí kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bátìrì ọkọ̀, bátìrì sólà àti bátìrì fóònù pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, nítorí pé wọ́n lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí wáyà yóò fi pọ́n, tí páálí yóò sì gbiná. Ẹ̀kọ́ tí kò bá kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rù tí ó tọ́, kò tíì pé.

Kì í ṣe pé ìjọba kò rò nípa irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sí ìpele JSS kí gbogbo ọmọ lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n sì pín in fún àwọn ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi jákèjádò Nàìjíríà, inú àpótí tí wọ́n kó o wá ni ẹ̀rọ náà wà tí ó fi dógùn-ún. Kò sí ilé tí a ó gbé e sí, kò sí iná tí yóò gbé e ṣiṣẹ́, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ohun tí ó bá nílò iná kí a tó lè fi í kọ́ ọmọ nípa iná, ẹrù ni yóò dà ní ìlú tí iná kì í dúró. Ilé páálí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí iná bá lọ fún oṣù kan gbáko, bátìrì méjì yóò ṣì ṣe iṣẹ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kíkọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, tí ó di olóògbé ní ọdún 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ni ó ti mú àáké àti ọ̀bẹ lọ́wọ́ lábẹ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún lọ jókòó ti Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé òkè òkun. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè rò pé ó di ọ̀gá nípa dída àkọsílẹ̀ kọ láti ojú pátákó? Bí àwọn bàbá wa bá ti mọ̀ pé ọwọ́ ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ọnà ń gbà wọ orí, kí ni ó dé tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ iná bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí?

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá, tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992, ni aṣíwájú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ìṣirò kò gbẹ́yìn, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n tayọ wọn. Láti ìgbà náà ni ìlànà ìjọba lórí èdè ti ń lọ tí ó ń bọ̀: wọ́n fọwọ́ sí èdè abínibí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé páálí má sọ fún un ní Yorùbá pé, “Wo ibi tí ọ̀nà àbọ̀ rẹ ti já.” Kí ó yé e ní èdè ìyá rẹ̀ tán, kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ìdánwò.

Àwọn kan yóò wí pé àkókò kò sí, pé ìdánwò ni ó jẹ àwọn lógún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé ìdánwò físíìsì ti WAEC ní apá tí ọmọ ilé-ìwé yóò ti fi ọwọ́ so wáyà àti bátìrì pọ̀, tí yóò sì ka ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá sọ. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan wáyà títí di ọjọ́ ìdánwò, gbígbọ̀n ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì. Kí ọmọ márùn-ún jọ kọ́ ilé kan, kí ọ̀kan gé páálí, kí òmíràn fa wáyà, kí òmíràn ya àwòrán ọ̀nà iná sínú ìwé, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ipò títí tí kálukú yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó sì ń wí pé iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé, àwọn gan-an ni wọ́n ń bẹ oníṣẹ́ iná nígbà tí òru bá ṣú. Kí a má ṣe yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìdáná wà lára ibi tí wáyà ti ń gbóná jù lọ nínú ilé, ọ̀dọ̀ wọn sì ni a sábà máa ń fi í sí.

Iṣẹ́ kan gbogbo wa nìyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Kí ó máṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jáde lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ilé páálí kan tí iná tàn. Ní Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Abọ́lárìn dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún 2014 fún àwọn ọmọ aláìní, kábíyèsí fúnra rẹ̀ sì ń wọ kíláàsì kọ́ wọn. Bí ọba bá lè fi ọwọ́ mú ẹfun ìkọ̀wé, kí ni yóò dí oníṣẹ́ iná àdúgbò lọ́wọ́ láti yọ̀ǹda wákàtí méjì láàárín sáà kan fún ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ọn? Kí àwọn òbí kó páálí, agolo àti rédíò tí ó ti bàjẹ́ jọ dípò kí wọ́n dà wọ́n nù. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó bátìrì.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àṣìṣe tí ọmọ bá ṣe nínú ilé páálí, gílóòbù kan ni yóò kú. Àṣìṣe kan náà nínú ilé alámọ̀ tàbí ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ̀mí ni ó lè lọ sí i. Kí ó kúkú ṣe é níbi tí kò ti léwu, kí ó sì gbọ́n.