Tánganran ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Ilé wo ni àwo tánganran kò tí ì fọ́ rí? Nítorí náà ni yóò ṣe yà yín lẹ́nu bí a bá wí pé ẹ̀yà tánganran ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí wọ́n rán ọkọ̀ lọ sí ibi tí ó jìn jù lọ nínú òkun.

Nereus ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ilé ìwádìí òkun tí ó wà ní Woods Hole ni ó ni ín. Ènìyàn kò wọ inú rẹ̀. Orí ọkọ̀ ojú omi ni a ti ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ó dé Challenger Deep nínú òkun Pàsífíìkì, mítà 10,902 sí ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, ẹrù tí ó ju kílógíráàmù 1,000 lọ ni omi ń gbé ka ibi tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ohun tí yóò mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ léfòó padà kò gbọdọ̀ wúwo, kò sì gbọdọ̀ fọ́. Nígbà tí Piccard àti Walsh lọ síbẹ̀ ní ọdún 1960, àgbá ńlá tí ó kún fún epo bẹntiróòlù ni wọ́n lò, nítorí epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ṣùgbọ́n Nereus gbé bọ́ọ̀lù tánganran líle tó bíi 1,500, inú wọn ṣófo bí akèrègbè, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó sẹ̀ǹtímítà 9.

Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n fọ́? Àwo tí ó bọ́ lulẹ̀ fọ́ nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ilẹ̀ ti gbá a. Ṣùgbọ́n omi a máa tẹ bọ́ọ̀lù yí ká lọ́gbọọgba. Gbogbo ara rẹ̀ ni ó jùmọ̀ ń ru ẹrù náà.

Síbẹ̀, bí ẹyọ kan bá ní àbùkù tí ojú kò rí, tí ó sì fọ́, agbára omi tí ó ya wọ inú rẹ̀ lè fọ́ àwọn tí ó wà nítòsí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Nereus sọnù nínú ọ̀gbun Kermadec, lẹ́bàá New Zealand, ní nǹkan bí mítà 9,900; àwọn èérún tí ó léfòó ni ó sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tí ó ni ín wí pé ó jọ pé omi ni ó tẹ apá kan rẹ̀ fọ́.

A dúpẹ́ pé kò sí opó tàbí ọmọ òrukàn tí ó sunkún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa òbí fi í kọ́gbọ́n. Ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ jùmọ̀ ń ru ẹrù yóò dúró lábẹ́ ìpọ́njú tí ó lè wó alágbára kan ṣoṣo. Kí a sì máa bẹ ọmọ tí ó dákẹ́ wò pẹ̀lú, kí a bi í léèrè ohun tí ń ṣe é, nítorí ohun tí ó bá fọ́ ọ̀kan kì í mọ sára ọ̀kan.