Owó Tí Wọ́n Pè Kọ́ Ni Owó Tó Ń Dé Ọwọ́

Ní Bọ́lọ́rundúró, ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́, ìdílé tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ sí Ìlú Ọba kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n á fi oko kòkó dógò, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á kó èésú, wọ́n á tún yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e. Ìṣirò kan ló sábà máa ń kì wọ́n láyà: wọ́n á gbọ́ iye tí wọ́n ń san lọ́dún lọ́hùn-ún, wọ́n á sọ ọ́ di náírà, ẹnu á sì yà wọ́n. Ìṣirò yẹn ló ń ti ọ̀pọ̀ ìdílé sínú gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrìn àjò náà yóò lérè, iye tó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni kó kà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é sí gbangba. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, £25,000 lọ́dún ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó olùtọ́jú arúgbó tó wà lórí físà iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, ₦50 mílíọ̀nù nìyẹn. Lóṣù, ó jẹ́ £2,083. Ìjọba kì í gba owó orí lórí £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún, ṣùgbọ́n ó ń gba ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé: £207 lọ lóṣù nìyẹn. National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá nítorí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ń gba mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó lé yẹn kan náà: £83 tún lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tí ilé iṣẹ́ máa ń yọ bí òṣìṣẹ́ kò bá kọ̀ ọ́ yóò mú bíi £63. Ohun tó kù kò ju £1,730 lọ. Inú rẹ̀ ni owó ilé, iná, gáàsì, ọkọ̀ àti oúnjẹ yóò ti jáde, pẹ̀lú council tax tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń gbà lórí ilé. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni gbèsè oko kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ńṣe ni wọ́n ń jí owó tí wọ́n ń yọ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jogún ìfura sí owó orí. Ìran tó rí ìjà Agbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kọ̀ láti san owó orí tó wúwo, kò tíì tán nílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí wọn kò rí ohun tí wọ́n ń fi owó wọn ṣe. Ti National Insurance yàtọ̀. Ẹni tó bá san án fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀ yóò ní ẹ̀tọ́ sí díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tó bá dàgbà, ẹni tó bá pé ọdún márùndínlógójì yóò sì gbà á lódindi. Kódà bó bá padà wá jókòó sí Oǹdó, wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n sá fún iṣẹ́ tí wọ́n ń san lábẹ́lẹ̀, tí kò ní ìwé. Ẹni tó bá gbà á kò ní ọdún National Insurance kankan lórúkọ rẹ̀, kò sì ní ẹ̀rí tí ọ̀gá rẹ̀ bá rẹ́ ẹ jẹ. Ìjọba tún máa ń fi ìwé owó orí yẹ ẹni wò. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní London dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tí wọ́n fi ìwé ìgbélùú dù, nítorí pé iye tí wọ́n sọ fún HMRC, àjọ agbowó-orí, yàtọ̀ sí iye tí wọ́n sọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Ilé ẹjọ́ ní ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n wàhálà ti bá wọn kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó sì ń san bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwé owó oṣù rẹ̀ kà. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ tax code sí, àmì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa yọ owó orí rẹ̀. 1257L ni ti ẹni tó ní iṣẹ́ kan, tí wọ́n fún ní £12,570 rẹ̀ lódindi. Bí ó bá rí BR lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní, wọ́n ń gba owó orí lórí gbogbo kọ́bọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún owó orí wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin. Nítorí náà, ẹni tó dé, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ £25,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, £12,500 péré ni yóò gbà kí ọdún náà tó parí. Kò jẹ owó orí kankan lọ́dún yẹn! Ṣùgbọ́n bó bá ṣe àṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá fún un kún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n lè máa yọ £207 lóṣooṣù. Ọdún mẹ́rin ni òfin fi sílẹ̀ láti béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ni kò béèrè rí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin òbí. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta irú físà bẹ́ẹ̀ fún yín lónìí, ẹ má dá a lóhùn. Ajẹ́ńtì tó bá sì ní iṣẹ́ mìíràn wà, ẹ ní kó kọ iye tó máa dé ọwọ́ lóṣù sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò, kí ẹ tó fi oko dógò.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn ọmọ wa tó ti wà ní London, Manchester àti Leeds mọ gbogbo èyí. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń gbàdúrà fún arìnrìn-àjò pè wọ́n sórí fóònù, kí wọ́n fi ìwé owó oṣù kọ́ àwọn tó ń múra àtilọ. Kí àwa tá a wà nílé náà mọ̀ pé £1,730 ni ọmọ ń gbà, ká sì fi ìyẹn díwọ̀n ohun tá a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.