Obìnrin Tó Ń Ta Gìtá

Bí ọmọbìnrin kan ní Ògijo bá wí fún bàbá rẹ̀ pé gìtá ni òun fẹ́ kọ́, èsì tí yóò gbọ́ kò ṣòroó mọ̀: "Ṣé o fẹ́ di ọkùnrin ni?"

Kí bàbá náà fi sùúrù gbọ́ t'ẹnu wa. Ní Amẹ́ríkà, Lita Ford gbé àwo orin rẹ̀ tí ń jẹ́ "Lita" jáde ní 1988. Orin rọ́ọ̀kì líle ni, tí gìtá ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó (etí tiwa kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀!). Òun l'ó ń kọrin, òun náà l'ó ń ta gìtá.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ṣáájú àwo yìí, ní 1978, ni Serifatu Oladunni Oduguwa, Queen Oladunni Decency wa, ti kú, kò ì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Jùjú ni tirẹ̀. Òun l'ó ń kọrin, òun l'ó ń ta gìtá, òun náà sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ Unity Orchestra. Kí ni a tún ń jiyàn sí?

Ẹ̀yin tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà l'ábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ.