Ọjọ́ Àṣà Kan Ṣoṣo Kò Tó Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn ló máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Àṣà. Ìyá á lọ ra aṣọ òkè lọ́jà Òjé fún ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n á wé gèlè fún un, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ kejì, bí ọmọ yẹn bá fi Yorùbá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àǹtí á ní kó yéé sọ fànákúlà. Mo ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Mọ́kọ́lá, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ni pé ohun tí a ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò ni àṣà.

Sábó kò jìnnà sí wa, láti 1916 sì ni àwọn Hausa ti tẹ̀ ẹ́ dó. Ọmọ Hausa, ọmọ Igbo, ọmọ Urhobo àti ọmọ Yorùbá jọ ń sùn lórí ẹní kan náà lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, èdè ilé oníkálukú la fi ń kí i: "Ina kwana" fún èyí, "Ịbọọla chi" fún ìyẹn. Ọmọ Urhobo á kúnlẹ̀, á ní "Migwo", àǹtí á dá a lóhùn pé "Vrẹndo", ìyẹn ni pé kó dìde. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wò ó. Wọ́n rí ìkúnlẹ̀, ó yé wọn. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń ṣe "Migwo" kiri inú ilé.

Ti oúnjẹ ló tún lárinrin jù. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ ará Enugu gbé okpa wá fún wa. Ẹ̀pà roro ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á fi epo pupa pò ó, wọ́n á wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sè é. Ọmọbìnrin kan wò ó, ó ní, "Mọ́ínmọ́ín ni." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ sè é ní irọ́ ni, okpa ni. A kò dá ẹjọ́ náà. Ìyá tó ń se oúnjẹ wa lọ mú ewé eéran tó fẹ́ fi wé mọ́ínmọ́ín tiwa wá, a tẹ́ ewé méjèèjì sílẹ̀, a sì fi wọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n gbóòórùn wọn, wọ́n fọwọ́ pa wọ́n lára, ẹnì kan fi eéran dé orí. Ìyá alásè ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná díẹ̀, wọ́n rí i bó ṣe ń dán, tó sì ń rọ̀, tí kò fi ní ya bí a bá ń ká a.

Ọmọ Hausa kan wá ní inú igbá ni ìyá òun ń bu fùrá sí. Ni igbá bá di ọ̀rọ̀. A gbin kóró rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó fà, ó gun òkè, ó yọ òdòdó funfun tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí, débi pé àwọn ọmọ tí òbí wọn máa ń pẹ́ wá mú wọn ló kọ́kọ́ rí i. Ta ló lè pààlà sáàárín àṣà àti ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn níbẹ̀ yẹn?

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù: ejò, ẹrẹ̀, aṣọ tó dọ̀tí. Wọ́n ní àwọn kò sanwó kí ọmọ wá máa fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré. Mi ò fojú kéré ìbẹ̀rù yẹn. Àǹtí gbọ́dọ̀ ti yẹ ilẹ̀ wò kí ọmọ tó jáde, ọṣẹ àti omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí, òkèèrè la sì ti ń fi wèrèpè hàn wọ́n kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a tì mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ kò mọ wèrèpè, kò sì mọ patanmọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méjì fọwọ́ kan patanmọ́, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ewé á pa dé, ọmọ á jókòó tì í títí yóò fi tún ṣí. Ọmọ tí wọ́n ní kì í jókòó jẹ́ẹ́ ni mò ń sọ o! Lẹ́yìn òjò, ìgbín á jáde, wọ́n á máa bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á máa jiyàn bóyá orí ìwo rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́, àwọn fúnra wọn ló sì wò ó rí.

Tó bá di ọ̀rọ̀ èdè, àwọn onílé-ìwé kan ń fi ìjọba bojú. Òótọ́ ni pé ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé ní 2025 Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó dùn mí gan-an. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìfagilé yẹn kò sì sọ pé kí a pa ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́nu mọ́. Owó àgọ́, owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ti onífọ́tò tí à ń ná sí Ọjọ́ Àṣà, ẹ jẹ́ ká fi ra kóró ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti igbá, ká fi èyí tó bá kù san owó ọkọ̀ fún àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó bá fẹ́ wá se oúnjẹ ìlú wọn lójú àwọn ọmọ. Kí ẹ̀yin òbí náà sì bá wa di aṣọ kan tó lè dọ̀tí sínú báàgì ọmọ láràárọ̀.