Ọmọ Ajá Tí A Tètè Gbà

Ẹ̀yin ará wa ní Jos,

Ẹlòmíràn a máa gba ọmọ ajá aṣọ́lé nígbà tí kò tíì pé oṣù kan ààbọ̀. Ó ti yá jù. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni í kọ́ ọ bí a ti í ṣeré láì bu ara ẹni jẹ. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ 8.

Bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín ná, ẹ má so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí kò bá mọ̀ kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni yóò máa bẹ̀rù, ẹ̀rù ni í sì í mú ajá buni jẹ. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ọmọdé, àlejò àti ariwo ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ge yín jẹ nínú eré, ẹ dá eré náà dúró. Ẹ má nà án.

Ní oṣù 3, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí wọ́n ń ṣe ní Vom nítòsí wa.

Ní ìdálẹ̀, ajá tí ó bu ọmọ aládùúgbò jẹ kò ba orúkọ ẹni tí ó ni ín nìkan jẹ́. Orúkọ gbogbo wa ni.